Bí Mo Ṣe Fi Ẹfun Sísun Gbẹ̀san Lára Arin-má-gbẹ

Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń dùn kó wá ibòmíràn jókòó sí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìbínú ló bí i, ìbínú ló sì tọ́ ọ dàgbà. Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ẹni tí ẹfọ̀n ń gbóòórùn rẹ̀ tó ń gbàgbé koríko tó ń jẹ, ẹni tí ẹkùn ń rí ipasẹ̀ rẹ̀ tó ń yà bàrá gba inú ẹ̀gún lọ, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti pa ẹran tí ẹ̀yin kò lórúkọ fún. Mo ti sùn lórí igi tí igi náà ń hanrun. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo pa látìgbà tí bàbá mi ti fi ìbọn lé mi lọ́wọ́, ẹran ọbẹ̀ ni mo fi wọ́n ṣe, tàbí kí n pa wọ́n kí wọ́n má bàa pa mí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo pa nítorí pé mo kórìíra rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí. Òun ni ìyá wa, Àwẹ̀ró, kọ́kọ́ bí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì gùn títí tí ẹsẹ̀ mi fi ń wọ́ nílẹ̀. Iṣẹ́ ẹfun sísun ló ń ṣe. Ẹ má rò pé ẹfun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, èyí tí àwọn abọrìṣà fi ń kun ara, ni mò ń wí o. Ìkarahun ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kó, ti ìgbín àti ti ìṣáwùrú, á kó wọn jọ gègèrè, á to igi gbígbẹ sí wọn lábẹ́ àti lórí nínú ààrò amọ̀ ńlá kan lẹ́yìnkùlé wa, á sì dáná sí i títí gbogbo rẹ̀ yóò fi funfun tí yóò máa rún wómúwómú. Tí o bá rí i nígbà tó bá tutù, o ó pè é ní ìyẹ̀fun lásán. Ṣùgbọ́n ta omi sí i lára! Á ké ṣìì, á wú, á máa hó, èéfín á máa rú lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi tó fi ooru ẹfun rẹ̀ se ẹyin jinná, tó bó o, tó fún mi jẹ.

Kò sí ilé kan ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ tí kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé tuntun á wá gba èyí tí yóò pò fi kun ògiri, ilé á funfun nini, eèrà ò ní í fẹ́ gun ún. Àwọn tó ń ṣe awọ á wá gba tiwọn, wọn á rẹ awọ ewúrẹ́ sínú omi rẹ̀, irun á sì máa ṣí kúrò lára awọ bí ẹni ń bó iṣu sísè. Àgbẹ̀ á fi pa ojú èbù kó má bàa rà nínú ebè, á wọ́n ọn sí ìdí àká kí kòkòrò má bàa sọ àgbàdo di asẹ́. Bí àrùn bá pa màlúù, òun ni wọ́n máa ń dà lé òkú rẹ̀ nínú kòtò kí wọ́n tó bò ó. Ṣáláńgá tó ń bú àwọn ará àdúgbò, òun ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn ìyàwó tuntun á máa sọ pé, “Ìyá Ẹlẹ́fun, ẹ bù fún wa,” ẹ̀gbọ́n mi á sì máa rẹ́rìn-ín, gbogbo irun ojú rẹ̀ á ti funfun bí ẹni tó dàgbà kó tó ọjọ́ orí.

Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, òun àti àwọn obìnrin mìíràn lọ kó ìkarahun létí odò Ìṣẹ̀pẹ̀, nínú Igbó Àjìnwọ̀. Àwọn obìnrin náà sáré dé láìsí òun láàárín wọn. Wọ́n ní nǹkan kan gòkè odò, ó ga, kò ní eegun bí ìgbín, omi ń kán lára rẹ̀ bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wọ́n ní kò wo ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ló nawọ́ sí, ó ní, “Ìwọ tó ń jó ilé àwọn ènìyàn mi,” ó sì wọ́ ọ wọnú omi. Wọ́n ní ó ké títí omi fi dé ẹnu rẹ̀.

Ìyá wa kò sunkún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé obìnrin ò ní ìbínú tó pẹ́. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí ààrò, ó kó ẹfun tí ẹ̀gbọ́n mi sun kẹ́yìn sínú akèrègbè ńlá kan tó gbẹ, ó fi ìda oyin dí ẹnu rẹ̀ pinpin kí omi má bàa kàn án. Ó gbé e ka iwájú mi.

Ó ní, “Ọdẹ́níran, o ti pa ẹran fún gbogbo ìlú yìí. Lọ pa ti ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹfun ni n ó fi pa á ni?”

Ó ní, “Nítorí ẹfun ló ṣe pa á. Ẹfun ni kó jẹ.”

Mo rí i pé àwọn kan ń mi orí níbẹ̀ yẹn. Ẹ ń sọ nínú ara yín pé, “Bí ẹ̀dá náà bá jọ ìgbín, kí ló dé tí kò mú iyọ̀ dání?” Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n orí ẹní! Àwọn ọdẹ tó ṣáájú mi gbé iyọ̀ lọ. Arin-má-gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, fi ahọ́n lá iyọ̀ náà tán, ó béèrè ẹran tí òun yóò fi tì í. Àwọn ọdẹ náà ló fi tì í.

N kò ní í fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Igbó Àjìnwọ̀ kì í ṣe igbó tí ènìyàn ń dédé wọ̀, òun ló máa ń wọ ènìyàn lára. Nígbà tí mo ti rìn jìnnà, ọ̀nà fúnra rẹ̀ dí. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtàkùn ni, àfi bí ìtàkùn náà ṣe sín. Irun ni! Ẹ̀dá kan ló dábùú ọ̀nà, ó ga bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, irun rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ewé gbígbẹ àti ẹ̀gún àti ìtẹ́ ẹyẹ wà nínú rẹ̀, iná orí sì ń rìn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀ bí èrò ọjà.

Ó ní, “Ta nìyẹn? Èmi Àgbájọ-irun ni mo ni ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó họ ẹ̀yìn mi títí yíyún náà yóò fi tán.”

Mo wo ilẹ̀. Egungun àwọn tó ti ń họ ẹ̀yìn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìka ọwọ́ wọn ti jẹ tán kí wọ́n tó kú. Mo ní, “Bàbá, ẹni tó ń họ ara onírun, ńṣe ló ń gbá ilẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bí mo bá gba irun náà kúrò lára yín pátápátá ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ìtẹ́ ẹyẹ jábọ́. Ó ní, “Abẹ àwọn bàbá rẹ ti ṣẹ́ sí mi lára.”

Mo ní, “Èmi kò mú abẹ wá. Nǹkan tí mo mú wá, kò ní ẹnu, ó sì ń jẹko.”

Ó ní, “Bí o bá purọ́, ìwọ ni yóò họ̀ mí kẹ́yìn.”

Mo ṣí ìda ẹnu akèrègbè, mo bu díẹ̀, mo sì tún un dí. Mo wa ihò sínú amọ̀, mo da ẹfun sí i, mo ta omi sí i, ó hó, ó rú èéfín, Àgbájọ-irun sì fò sẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀ tó tutù, mo pò ó bí ẹ̀kọ, mo fi pa á láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ń pariwo pé ó ń ta òun, mo ní kó fara dà á, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tó yá, mo já ewé gbòòrò, mo fi nù ún, irun náà sì ń bọ́ lódindi lódindi bí ìgbà tí wọ́n ń ká ẹní! Bí mo ṣe ń nù, bẹ́ẹ̀ ló ń kéré sí i. Nígbà tí mo parí, ọkùnrin kúkúrú kan tó tínrín bí igi ìgbálẹ̀ ló dúró níwájú mi, ara rẹ̀ pupa bí ọmọ tuntun. Mo fi epo pupa pa á lára.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé bí mo ṣe mọ nìyí?” Ó bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi mí ohun tí mo ń wá, mo sì sọ fún un.

Ó ní, “Má yìnbọn lù ú. Ọta á wọ̀ ọ́ lára bí òkúta tí wọ́n jù sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n Arin-má-gbẹ gbéra ga. Ó ní kò sí àlọ́ tí òun kò mọ̀, kò sì sí ohun tí òun kò lè gbé mì. Ẹni tó bá pa àlọ́ tó borí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ẹni náà bá ní kó ṣe. Kò tíì sí ẹni tó borí rẹ̀ rí.” Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ó já ewé kókò kan bo ìdí, ó sì sáré wọ igbó, nítorí pé ojú ń tì í.

Ọ̀sán gangan ni mo dé etí odò Ìṣẹ̀pẹ̀. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi kìkì ìkarahun kọ́. Gèlè àwọn obìnrin ni ó so mọ́ ara ògiri bí ẹni so àsíá, pupa, dúdú, aláró. Mo rí ti ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn. Ẹfun ṣì wà ní etí rẹ̀, níbi tó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ tún un so tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú mi ṣú. Ìbínú tí mo ti ń gbé bọ̀ láti ilé, mo rí i pé ọmọ rẹ̀ lásán ni. Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn.

Odò ru sókè, Arin-má-gbẹ jáde. Ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀pá méjì bí ti ìgbín, ara rẹ̀ ń yọ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó ní, “Ọdẹ, mo gbóòórùn ìkarahun jíjó lára rẹ. Ìwọ àti obìnrin ọjọ́sí, ilé kan náà lẹ ti wá.”

Mo ní, “Ìkarahun òfìfo ló ń kó. Àwọn tó ni wọ́n ti kú.”

Ó ní, “Tí bàbá rẹ bá kú, ṣé ilé rẹ̀ di igi ìdáná ni?”

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò wá síbẹ̀ láti gba ẹjọ́ rò. Mo ní, “Àlọ́ ni mo wá pa.”

Inú rẹ̀ dùn, ó ń yí ojú rẹ̀ kiri. Ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ pa tòun, bí n kò bá mọ̀ ọ́n, òun yóò jẹ mí. “Kí ló wọ ààfin tí kò dọ̀bálẹ̀, tó gun orí ọba jókòó, tí ọba ò lè lé e?”

Mo ní, “Ewú ni.”

Ó kùn hùn-ùn. Ó sún mọ́ mi, omi rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Kí ni mo mú lọ́wọ́ rẹ, tí o kò lè rí gbà padà, tí èmi náà kò sì ní í rí jẹ lẹ́ẹ̀kejì?”

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ó ní, “O gbà á. Ó yá, pa tìrẹ.”

Mo ní, “Kí ló jẹ iná yó tí kò jóná, tó ń sùn jẹ́jẹ́ bí ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n tó mu omi tán tó ń hó bí ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí ààrò?”

Ó ronú. Ó fi ojú kan wo òkè, ó fi ìkejì wo ilẹ̀. Ó ní òòrùn ni, mo ní rárá. Ó ní ata ni, mo ní ata kì í jẹ iná. Gbogbo ẹni tó lè sọ ọ́ fún un ni ó ti pa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nígbẹ̀yìn ó kígbe pé, “Kí ni?”

Mo gbé akèrègbè sílẹ̀. Mo ní, “Ohun tó wà nínú ibí yìí ni. Mo borí rẹ. Gbé e mì.”

Ó ní, “Ìyẹn nìkan?” Ó sì gbé akèrègbè náà jù sẹ́nu tòun ti ìda rẹ̀, ó rún un kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́, ó gbé e mì.

Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ dún ṣìì. Ojú rẹ̀ méjèèjì le gan-an. Ó ní, “Omi.” Mo na ọwọ́ sí odò. Mo ní, “Odò yín nìyí, bàbá. Ẹ mu ún.” Ó bẹ́ sí i, ó ń gbé e mu gbùgbùgbù, bó ṣe ń mu ún ni ẹfun ń gbaná sí i, bó ṣe ń gbaná sí i ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ sí i. Èéfín ń jáde ní imú rẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní òun yóò fi igbó náà fún mi. Mo fìdí lélẹ̀ lórí òkúta, mo jókòó, mò ń wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀san korò. Ó dùn. Ó dùn ju ẹyin tí ẹ̀gbọ́n mi bó fún mi lọ. Mo sún mọ́ ọn kí n lè sọ orúkọ Ẹfúnyẹmí sí i létí kó tó kú, ibi tí mo sì ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ikùn rẹ̀ bẹ́, tí ẹfun gbígbóná inú rẹ̀ fọ́n sí mi lójú méjèèjì.

Ẹ̀yin tí iná ti jó rí, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Iná igi máa ń jó, á sì kúrò. Èyí ń walẹ̀ lọ. Mo fi ọwọ́ ra á, ó burú sí i. Mo ń ràkò kiri, n kò mọ ibi tí odò wà mọ́, mo ń gbúròó omi níbi gbogbo. Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó tutù lórí ewé, ohùn obìnrin kan sì wí pé, “Má ra á mọ́. Gbé orí sókè. Omi díẹ̀ ló ń fún un lágbára, omi púpọ̀ ló ń ṣẹ́gun rẹ̀.”

Ó da omi igbá sí ojú mi ọ̀tún. Ó tún bu, ó tún dà, ó tún bu, kò sinmi. Mo ní, “Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ọmọ yín kò ní í ṣáájú yín.” Ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì rí ẹni tó ń da omi náà. Ara rẹ̀ ń yọ̀. Ojú rẹ̀ wà lórí ọ̀pá méjì. Ó ti gbé àdá mi sọ́wọ́ òsì, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìbọn mi mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Ẹni tó sùn sẹ́yìn rẹ yẹn, àbúrò mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n.”

Mo ní, “Ó pa ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi bó, kò gbọ́. Bí mo bá pa ọ́, ìyá rẹ á rán ẹlòmíràn wá. Bí mo bá sì jẹ́ kí o lọ báyìí, kí ni n ó wí fún òun tó sùn yìí?” Ó gbé igbá náà, omi ṣì kún inú rẹ̀. “Mo ti fọ ọ̀kan fún ọ. Ojú kejì yìí, tiẹ̀ ni.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi Ọdẹ́níran tí ẹkùn ń yà fún, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, omi inú igbá yẹn nìkan.” Ó da omi náà sílẹ̀ níwájú mi, díẹ̀díẹ̀, kí n lè máa wò ó. Mo fẹ́ ràkò lọ sí odò, ó dúró sí àárín èmi àti odò, ó ń wò mí bí mo ṣe wo àbúrò rẹ̀. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà, kò sì yẹsẹ̀. Nígbà tí ojú náà ti kú tí kò dùn mí mọ́, ó já gèlè ẹ̀gbọ́n mi lára ògiri, ó fi di egungun ẹ̀gbọ́n mi tó kó jáde nínú ilé ìkarahun náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì kọjú sí òkú tirẹ̀.

Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi délé. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan rẹ̀, ó wo ojú mi tó ti funfun báláú bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ bí ẹ̀dá náà ṣe bẹ̀bẹ̀, kò ṣẹ́jú. Mo sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìgbà yẹn ló gbé orí sókè.

Ó ní, “Ṣé ó sunkún?”

Mo ní, “Ó sunkún, ìyá.”

Ó ní, “Ó dáa. Kì í ṣe èmi nìkan mọ́.”

Ó dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ẹkún rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. N kò bínú sí obìnrin odò náà. Èmi tí mo ti tọ́ ẹ̀san wò, báwo ni n ó ṣe já tiẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀? Ẹni tó bá ní ìdájọ́ tó dáa ju tiwa lọ, kó dìde níbẹ̀ yẹn, kó wá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Èmi ti sọ tèmi.